Ìwé Àṣẹ Ìwàásù: Ohun Tí Ẹ̀wọ̀n John Bunyan Fi Kọ́ Ìjọba

Ìbéèrè bóyá ó yẹ kí oníwàásù gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó la ẹnu kì í ṣe ìbéèrè tuntun ní Nàìjíríà. Láti ọdún 1984 ni òfin tí ó de ìwàásù ti wà ní ìpínlẹ̀ Kaduna. Ní ọdún 2016, Gómìnà Nasir El-Rufai gbé àbá òfin mìíràn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ náà láti fi rọ́pò ti àtijọ́, ariwo sì sọ láàárín àwọn Kírísítẹ́nì àti àwọn Mùsùlùmí. Ní ọdún 2025, Gómìnà Mohammed Umar Bago ti ìpínlẹ̀ Niger tún kéde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wàásù níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn tí wọ́n fara mọ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí a kò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá rántí ìjà Maitatsine ní Kano ní oṣù Kejìlá ọdún 1980, tàbí ohun tí ìwàásù Mohammed Yusuf bí ní Maiduguri ní ọdún 2009, kò ní sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè pa ènìyàn. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Síbẹ̀, kí a tó pinnu, ó yẹ kí a wo ibi tí wọ́n ti dán irú òfin yìí wò fún ìgbà pípẹ́, tí ìjọba sì ní agbára láti fi ipá mú un ṣẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibẹ̀. Láti ìgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní gorí oyè ní ọdún 1558 títí di ọdún 1689, àwọn ọba, àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ náà lo ìwé àṣẹ, owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n, ìlékúrò-nílùú àti okùn ìso láti pinnu ẹni tí yóò wàásù àti ẹni tí yóò dákẹ́. Bí a bá fẹ́ mọ bí ó ti rí lára ènìyàn, kò sí ẹni tí ìtàn rẹ̀ là á yé ni tó ti John Bunyan, ọkùnrin tí ó ń tún ìkòkò ṣe ní abúlé, tí wọ́n sì fi sí ẹ̀wọ̀n fún ọdún 12 nítorí pé ó wàásù.

Kí ni ọba ń bẹ̀rù nínú ìwàásù? Ní ayé ìgbà náà, kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣọ̀n, ìwé ìròyìn kò sì tíì wọ́pọ̀. Orí àga ìwàásù ni ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù ti ń gbọ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú. Òfin ọdún 1559 de gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí kò bá lọ yóò san pẹ́nì 12 fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní àga ìwàásù ní etí gbogbo ìlú. Kì í sì í ṣe gbogbo àlùfáà ni ó ní ẹ̀tọ́ láti wàásù. Ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ bíṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ ka ìwàásù tí ìjọba ti kọ sílẹ̀ sínú ìwé, kò sì gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un.

Ọbabìnrin Elizabeth kò fi ìfẹ́ rẹ̀ pamọ́. Lójú rẹ̀, oníwàásù mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó fún àgbègbè ńlá kan. Ní ọdún 1576, ó pàṣẹ fún Edmund Grindal, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, pé kí ó fòpin sí àwọn ìpàdé tí àwọn àlùfáà ti ń kọ́ ara wọn ní Bíbélì ní gbangba, tí àwọn ará ìlú sì ń wá gbọ́. Grindal kọ̀. Ó kọ lẹ́tà gígùn sí i ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ó ṣàlàyé pé ẹ̀rí-ọkàn òun kò gbà kí òun pa ìwàásù tì, ó sì rán an létí pé nínú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, alágbára ayé kọ́ ni adájọ́. Ní ọdún 1577, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà títí ó fi kú ní ọdún 1583. Bí olórí ìjọ ìjọba fúnra rẹ̀ bá lè jìyà nítorí ìwàásù, ẹ̀yin òǹkàwé mọ ohun tí ojú mẹ̀kúnnù yóò rí.

Ní ọdún 1593, òfin tuntun kan jáde. Ẹni tí ó bá ti lé ní ọmọ ọdún 16, tí ó kọ̀ láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìjọba, tí ó sì ń lọ sí ìpàdé ẹ̀sìn tí òfin kò mọ̀, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò yí padà, yóò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Bí ó bá sì padà wá láìgba àṣẹ, ikú ni. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n so Henry Barrow, John Greenwood àti John Penry rọ̀, nítorí wọ́n gbà pé ìjọ lè dúró láìsí bíṣọ́ọ̀bù àti láìdúró de ọba. Ẹ fi òfin ọdún 1593 yìí sọ́kàn, nítorí ó sùn fún ìgbà díẹ̀ ni, kò kú.

Lẹ́yìn èyí ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ọba Charles Kìíní àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 1642. Ní oṣù Kìíní ọdún 1649, wọ́n bẹ́ orí ọba. Agbára àwọn bíṣọ́ọ̀bù wó lulẹ̀, ahọ́n àwọn ènìyàn sì tú. Alágbẹ̀dẹ, aṣọ́bàtà, ahunṣọ, jagunjagun, àní àwọn obìnrin pàápàá, dìde láti wàásù. Àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi gbilẹ̀, ìjọ Quaker jáde, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kéékèèké sì yọ tí orúkọ wọn ti parẹ́ lónìí. Àwọn kan nínú wọn ń wàásù ìfẹ́, àwọn kan ń wàásù pé ayé fẹ́ parí, àwọn mìíràn sì ń sọ pé àwọn ènìyàn mímọ́ ni ó yẹ kí ó gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ayé.

Inú àkókò yìí ni John Bunyan dàgbà sí. Wọ́n bí i ní ọdún 1628 ní Elstow, nítòsí ìlú Bedford. Iṣẹ́ àtúnṣe ìkòkò àti ohun èlò irin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, iṣẹ́ náà ni òun náà kọ́. Kò lọ sí yunifásítì kankan. Ó ṣe jagunjagun ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Lẹ́yìn ogun, ó gbéyàwó, ó bímọ; àkọ́bí rẹ̀, Mary, jẹ́ afọ́jú láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn ìdààmú ọkàn tí ó pẹ́ lára rẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ ìjọ olómìnira kan ní Bedford lábẹ́ John Gifford. Ohun tí ó yẹ kí a kíyè sí ni pé ọ̀gágun kékeré ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ọba ni Gifford ti jẹ́ nígbà ogun, nígbà tí Bunyan wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ti bá ara wọn. Ìjọba tí ó ń pè irú ìjọ bẹ́ẹ̀ ní ibùba ọ̀tẹ̀ kò rí i pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀tá àná ti ń jọ kúnlẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1656, Bunyan bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ikú ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́ Elizabeth ní ọdún 1659.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1660, kí Charles Kejì tó ti ìgbèkùn padà wá jọba, ó kọ ìwé láti ìlú Breda, ó sì ṣèlérí níbẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí a yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu nítorí ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ bá sọ fún un nípa ẹ̀sìn, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti dá ìlú rú. Ní oṣù Karùn-ún ó wọ London, ìlú sì dùn. Ní oṣù Kọkànlá, nǹkan ti yí padà ní àgbègbè Bedford. Ọmọ onílẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Francis Wingate, tí í ṣe adájọ́ àgbègbè, kọ ìwé pé kí wọ́n mú Bunyan níbikíbi tí ó bá ti wàásù.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1660, wọ́n pe Bunyan láti wàásù ní abúlé Lower Samsell. Ẹni tí ó ni ilé náà gbọ́ pé ọlọ́pàá ń bọ̀, ó sì bi í léèrè bóyá kí wọ́n tú ká. Bunyan rìn lọ sí pápá, ó ro ọ̀rọ̀ náà, ó sì padà wọlé. Òun ni ó máa ń ki àwọn ẹlòmíràn láyà. Bí òun bá sá, kí ni àwọn aláìlera yóò ṣe? Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣí Bíbélì wọn, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ọlọ́pàá sì wọlé. Nígbà tí wọ́n mú un dé iwájú Wingate, adájọ́ náà bi ọlọ́pàá léèrè ohun tí àwọn ènìyàn náà ń ṣe àti ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ó hàn pé ohun ìjà ni ó ń retí. Ọlọ́pàá náà dáhùn pé àwọn díẹ̀ ni wọ́n pàdé láti gbọ́ ìwàásù, kò sì sí ohun mìíràn.

Ibí yìí gan-an ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí bí ó bá jẹ́ pé ààbò ìlú ni òfin ń wá. Adájọ́ ti wá ohun ìjà, kò rí i. Ṣùgbọ́n Wingate ní kí Bunyan padà sídìí iṣẹ́ ìkòkò rẹ̀, kí ó fi ìwàásù sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ín. Àwọn onídùúró wà tí wọ́n fẹ́ gba ìdúró rẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè, pé kí ó má wàásù mọ́. Bunyan sọ fún wọn láìfi dùn wọ́n pé òun yóò rú àdéhùn náà, kí wọ́n má fi owó wọn ṣòfò. Bí ó ṣe wọ ẹ̀wọ̀n Bedford nìyẹn.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1661, wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ níwájú Sir John Kelynge àti àwọn adájọ́ mìíràn. Òfin Elizabeth ti ọdún 1593 ni wọ́n jí dìde fún un. Wọ́n bá a jiyàn lórí Ìwé Àdúrà ìjọ ìjọba. Ó ní òun kò rí i nínú Bíbélì pé a gbọ́dọ̀ fi ìwé náà gbàdúrà. Kelynge ka ìdájọ́: oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ìlékúrò-nílùú bí kò bá yí padà, okùn bí ó bá padà wá láìgbàṣẹ. Bunyan dáhùn pé bí wọ́n bá tú òun sílẹ̀ lónìí, òun yóò wàásù lọ́la.

Ẹni tí ó gbé ẹrù tí ó wúwo jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni Elizabeth ìyàwó rẹ̀. Ó lóyún nígbà tí ìròyìn pé wọ́n ti mú ọkọ rẹ̀ dé bá a. Ọmọ náà kò yè. Ọmọ mẹ́rin tí ìyàálé rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fọ́jú, oore tí àwọn ènìyàn ń ṣe fún wọn ni wọ́n sì ń jẹ. Síbẹ̀, ó rin ìrìn-àjò lọ sí London láti fi ìwé ẹ̀bẹ̀ lé àwọn ìjòyè lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1661, nígbà tí àwọn adájọ́ àgbà wá sí Bedford, ó wọ yàrá tí wọ́n jókòó sí, ó dúró níwájú Sir Matthew Hale àti Adájọ́ Twisden, ó sì sọ tẹnu rẹ̀ níṣojú àwọn ọlọ́lá ìlú. Ó ní wọn kò bi ọkọ òun léèrè bí ó bá jẹ̀bi kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Twisden bínú, ó béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ yóò jáwọ́ nínú ìwàásù. Elizabeth fèsì pé ọkọ òun kò ní dákẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì lè sọ̀rọ̀. Ó tún sọ ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo adájọ́ gbọ́: nítorí pé ọkọ òun jẹ́ tálákà tí ń tún ìkòkò ṣe ni wọ́n ṣe ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, tí kò sì rí ìdájọ́ òdodo gbà. Hale káàánú rẹ̀, ó sì tọ́ka sí ọ̀nà tí ó lè gbà nínú òfin, ṣùgbọ́n kò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe òtítọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Ẹ̀rù tí ó ń ba ọba kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní oṣù Kìíní ọdún 1661, ní àkókò kan náà tí ẹjọ́ Bunyan ń lọ lọ́wọ́, Thomas Venner, tí ń ṣe àgbà ágbá onígi, kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ jáde ní London pẹ̀lú ohun ìjà, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ìjọba fún Jésù. Wọ́n pa ènìyàn, ó sì gba ọjọ́ mélòó kan kí àwọn ọmọ ogun tó borí wọn. Wọ́n so Venner rọ̀. Ọba kan tí wọ́n ti bẹ́ orí bàbá rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un pé ìwàásù lè di ogun.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí òfin náà ti ṣiṣẹ́. Venner kò béèrè ìwé àṣẹ kí ó tó gbé idà, kò sì sí ìwé àṣẹ tí ì bá dá a dúró. Òfin ìpànìyàn àti ìdìtẹ̀ ni ó mú un. Bunyan ní tirẹ̀ kò gbé idà, kò sápamọ́, kò sì parọ́. Ì bá ti lọ sílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí ó bá ṣèlérí èké. Òfin ìwé àṣẹ a máa bọ́ mọ́ alárékérekè lára, a sì máa di olóòótọ́ mú. Àléébù yìí wà nínú irú òfin bẹ́ẹ̀ láti ìpìlẹ̀, kì í ṣe nínú àwọn tí ń lò ó nìkan.

Dípò kí ìjọba rí èyí, ńṣe ni ó ń fún okùn náà le sí i. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1662, òfin tuntun lé àwọn àlùfáà tí kò fara mọ́ Ìwé Àdúrà kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tí ó kúrò láti ọdún 1660 tó nǹkan bí 2,000. Òfin ọdún 1664 sọ pé bí ènìyàn tí ó lé ní 5 yàtọ̀ sí àwọn ará ilé bá pàdé fún ìsìn tí kì í ṣe ti ìjọba, ọ̀daràn ni wọ́n. Ti ọdún 1665 lé àwọn oníwàásù tí ó kọ̀ láti búra jìnnà sí máìlì 5 sí ìlú ńlá tàbí ibi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rí. Ti ọdún 1670 ni ó burú jù fún àjọgbé ará ìlú: oníwàásù yóò san pọ́n-ùn 20 nígbà àkọ́kọ́, àti pọ́n-ùn 40 lẹ́yìn náà, ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn yóò sì jẹ́ ti olófòófó tí ó bá mú ẹjọ́ wá. Òfin tí a ṣe kí ìlú lè rójú wá sọ aládùúgbò di ọdẹ tí ń dọdẹ aládùúgbò rẹ̀.

Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ nínú òfin náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1670, wọ́n ti ilé ìpàdé àwọn Quaker pa ní òpópó Gracechurch ní London, William Penn sì wàásù ní ìta gbangba. Wọ́n gbé òun àti William Mead lọ sí ilé ẹjọ́ Old Bailey. Àwọn ará ìlú 12 tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, àwọn tí à ń pè ní júrì, kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi. Àwọn adájọ́ tì wọ́n mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé wọn nígbà tí wọ́n kọ̀ láti yí ìpinnu wọn padà. Edward Bushell, ọ̀kan nínú wọn, kọ̀ láti san án, ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, ó sì pe ẹjọ́. Adájọ́ Àgbà Vaughan dájọ́ pé a kò lè fi ìyà jẹ júrì nítorí ìpinnu tí wọ́n ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn òpó tí ó gbé òmìnira ró nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì nìyí, ìwàásù tí kò ní ìwé àṣẹ ni ó sì bí i.

Ní gbogbo àkókò yìí, Bunyan wà ní ẹ̀wọ̀n. Oṣù mẹ́ta ti di ọdún 12. Nígbà mìíràn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀wọ̀n a jẹ́ kí ó jáde díẹ̀, nígbà mìíràn kò ní rí ìta rárá. Ó ń ṣe okùn bàtà tà kí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè rí nǹkan jẹ, ó sì ń kọ ìwé. Èyí tí ó fi sọ ìtàn ìgbésí ayé ọkàn rẹ̀ jáde ní ọdún 1666. Èyí tí ó fi sọ bí wọ́n ṣe mú un àti ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ níwájú àwọn adájọ́ kò jáde títí di ọdún 1765, nígbà tí gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ti kú.

Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 1672, Charles Kejì ṣe ìkéde kan fúnra rẹ̀, láìgba ọ̀dọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ó ní òun dá àwọn òfin náà dúró, kí àwọn oníwàásù tí kò sí nínú ìjọ ìjọba wá gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀wọ̀n ṣí. Ìjọ Bedford ti yan Bunyan ní olùṣọ́-àgùntàn wọn ní oṣù Kìíní, ní oṣù Karùn-ún ó sì gba ìwé àṣẹ lórúkọ ọba. Ọkùnrin tí ó lo ọdún 12 ní ẹ̀wọ̀n nítorí àìgba àṣẹ wá ní àṣẹ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá dá ìwé náà wò yóò rò pé òmìnira dé.

Kò dé. Ní ọdún 1673, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bínú pé ọba kò ní agbára láti dá òfin dúró, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ owó dè é títí ó fi kó ìkéde náà nílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba àwọn ìwé àṣẹ padà. Wọ́n tún sọ Bunyan sí ẹ̀wọ̀n fún bí oṣù mẹ́fà ní ọdún 1676 sí 1677. Kò sí ohun tí ó yí padà nínú ìwàásù rẹ̀. Ọwọ́ tí ó fún un ní àṣẹ ni ó ti fà sẹ́yìn. Ẹni tí ó fún ni ní ẹran tí ó sì di okùn rẹ̀ mú kò tíì fún ni ní nǹkan kan. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ojúrere àti ẹ̀tọ́ nìyẹn, òun sì ni mo rò pé ó jẹ́ kókó ìtàn yìí fún wa. Ojúrere a máa wá lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí oyè, a sì máa bá a lọ. Ẹ̀tọ́ ni ó máa ń dúró dè é.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹni tí wọ́n ń pọ́n lójú ni ó máa ń jẹ́ olùfẹ́ òmìnira ní gbogbo ìgbà. Àwọn Puritan tí wọ́n sá fún àwọn bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Massachusetts ní Amẹ́ríkà gba ìjọba níbẹ̀, wọ́n sì ṣe òfin pé ikú ni ìjìyà Quaker tí wọ́n bá lé tí ó padà wá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1659, wọ́n so ọkùnrin méjì rọ̀ ní Boston. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1660, wọ́n so Mary Dyer. Ní ọdún 1661, wọ́n so William Leddra. Ẹni tí ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n dáwọ́ ìpànìyàn náà dúró ni Charles Kejì, ọba kan náà tí Bunyan wà nínú ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó; ní Boston, ìyálé fúnra rẹ̀ ni ó lọ mú un sọ̀kalẹ̀.

Bunyan kú ní London ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1688. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1689, lábẹ́ Ọba William Kẹta àti Mary Kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe Òfin Ìfaradà. Àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí kò sí nínú ìjọ ìjọba lè pàdé láìsí ìtanràn, bí wọ́n bá forúkọ ilé ìsìn wọn sílẹ̀, tí wọ́n búra fún ọba, tí wọn kò sì ti ilẹ̀kùn nígbà ìsìn. Òfin náà kò pé. Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn Kátólíìkì, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gba Mẹ́talọ́kan gbọ́, ọ̀nà sí ipò ìjọba sì tún wà ní títì fún àwọn tí kò sí nínú ìjọ ìjọba títí di ọdún 1828, ti àwọn Kátólíìkì sì di ọdún 1829. Ṣùgbọ́n òfin ni, kì í ṣe ojúrere. Ọba kan kò lè jí ní òwúrọ̀ kí ó gbà á padà. Ìlú kò sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀: àwọn ọmọ ìjọ Bunyan tí wọ́n ń pè ní ọ̀dàlẹ̀ di oníṣòwò, olùkọ́ àti asan-owó-orí bí ẹlòmíràn.

Ìwé tí Bunyan tẹ̀ jáde ní ọdún 1678, The Pilgrim's Progress, rìn jìnnà ju gbogbo àwọn adájọ́ rẹ̀ lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú. David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ìjọ CMS rán wá sí Ìbàdàn, ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn baba wa fi mọ̀ ọ́n sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ sì ti tọ́ka sí ipa rẹ̀ nínú àwọn ìtàn D. O. Fagunwa. Ọ̀pọ̀ tí ó kà á kò mọ̀ pé ẹni tí ìjọba kà sí aláìgbọràn ni ó kọ ọ́. Àwọn ìjọ tí ó ń lò ó láti kọ́ ọmọ ní ìwà rere, àwọn míràn nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ìyẹn ìjọ tí wọ́n torí rẹ̀ tì í mọ́lé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àbá òfin Kaduna ti ọdún 2016 fẹ́ kí ìwé àṣẹ máa gba ọwọ́ àwọn ìgbìmọ̀ tí Jama'atu Nasril Islam yóò ní fún àwọn Mùsùlùmí àti tí CAN yóò ní fún àwọn Kírísítẹ́nì. Ó dà bí ohun tí ó tọ́ lójú ẹni tí ó wà nínú àwọn ẹgbẹ́ ńlá wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sí níbẹ̀ ńkọ́? Ìjọ kékeré tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí àwọn tí ó pọ̀ jù kò gbà pé ó tọ̀nà, ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tí kò ní ẹgbẹ́ ní ìlú Abuja: ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé tiwọn? Bíṣọ́ọ̀bù ni ó ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù tí yóò fọwọ́ sí ti ẹni tí ó ní kò yẹ kí bíṣọ́ọ̀bù wà.

Abala 38 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tí ó bá wù ú gbọ́, kí ó sì tan ìgbàgbọ́ rẹ̀ kálẹ̀ ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Abala 45 gbà pé òfin lè dín ẹ̀tọ́ náà kù nítorí ààbò àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ìlú. Àárín abala méjèèjì yìí ni àríyànjiyàn wa wà. Ìtàn Bunyan kò sọ pé kí ìjọba ká ọwọ́ gbera. Ẹni tí ó bá ní kí wọ́n lọ pa aládùúgbò, kí wọ́n sun ilé ìsìn, kí wọ́n gbé ìbọn, ọ̀daràn ni lójú òfin tí ó ti wà nílẹ̀, yálà ó ní ìwé àṣẹ tàbí kò ní. Kí ìjọba mú un, kí ó gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, kí ó sì fi ẹ̀rí hàn. Iṣẹ́ yẹn le, ó ń gba àwọn ọlọ́pàá tí ó mọ iṣẹ́ àti àwọn adájọ́ tí kò bẹ̀rù. Ìwé àṣẹ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn ìjọba fi fẹ́ràn rẹ̀: ó ń jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti ṣe nǹkan.

Ọlọ́pàá ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá ọdún 1660 ti sọ òtítọ́ fún Wingate: àwọn ènìyàn díẹ̀ ni, ìwàásù ni wọ́n wá gbọ́, kò sí ohun ìjà. Bí a bá ṣe òfin tí adájọ́ yóò gbọ́ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ tí yóò sì tún rán ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n, kí a má pe òfin náà ní ààbò ìlú.